Àkọ́fọ̀ ni, kì í ṣe àtijọ́. Ayàwòrán ni, kì í ṣe akunlé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín.

Ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò kan ránṣẹ́, èyí tí August Sander, ayafọ́tò ọmọ Jámánì, ya Anton Räderscheidt, ẹni tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán, nílùú Cologne ní ọdún 1926. Àkọlé tó kọ sí i láti fi túmọ̀ "vintage print" àti "painter" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí ni "Àwòrán àtijọ́ ti akunlé kan". Ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ tún fọ́tò náà wò. Ọkùnrin kan dá dúró gbọnrangandan láàárín títì tó ṣófo, ó wọ aṣọ dúdú, ó dé àkẹtẹ̀ olórí róbótó, bí àwọn ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ máa ń yà ṣe máa ń dúró gan-an. Ta ló gbé korobá ọ̀dà lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ẹni tó kọ àkọlé náà ní Maler tí àwọn ará Jámánì ń pe ayàwòrán kò yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń kun ògiri. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Sander yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpín méje ló pín iṣẹ́ ńlá tó fi ya àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ sí: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní ìpín kejì, àwọn oníṣẹ́ ọnà wà ní ìkarùn-ún, níbi tí Räderscheidt wà. Akunlé yìí ti lé e kúrò níbi tí ẹni tó yà á fi í sí.

Ẹlòmíràn dá a lábàá pé kí a máa pè é ní "akunwòrán". Ṣé a máa ń kun ohun tí kò tíì sí ni? Ilé ti wà kí a tó kun ún, ara ti wà kí a tó fi ìkunra pa á. Ẹni tó bá kun àwòrán, àwòrán ẹlẹ́ni ló bà jẹ́. Kí Räderscheidt máa jẹ́ ayàwòrán, kí Sander máa jẹ́ ayafọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní fọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa, ìyá ìyá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, fọ́tò ló ń pè é, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ Yorùbá.

Ní ti "àtijọ́", gbogbo fọ́tò tó bá ti pẹ́ ni àtijọ́. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú fọ́tò ń wá ni èyí tí ayafọ́tò fúnra rẹ̀ fọ̀, tàbí tí wọ́n fọ̀ lójú rẹ̀, láìpẹ́ sígbà tó yà á. Gunther ọmọ Sander àti Gerd ọmọ ọmọ rẹ̀ tún fọ fọ́tò láti ara nẹ́gátíìfù rẹ̀, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ ya àwòrán sí kí a tó fọ̀ ọ́ sórí ìwé. Èyí tí wọ́n fọ̀ yóò di àtijọ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè di ti 1926 láé. Iná sì jó nẹ́gátíìfù tó tó bí 30,000 ní Cologne ní ọdún 1946. Èyí tó bá ti jóná, ìwé tí Sander fọ̀ nìkan ló kù fún wa.

Irú fọ́tò tí wọ́n fọ̀ láìpẹ́ sígbà tí wọ́n yà á yìí ni mo ń pè ní àkọ́fọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ń pè é ní "àkọ́tẹ̀". Ìwé ìròyìn la máa ń tẹ̀. Ayafọ́tò ni bàbá mi. Lábẹ́ gílóòbù pupa rẹ̀ ni mo ti máa ń wo ìwé funfun nínú abọ́ omi oògùn, tí irun yóò kọ́kọ́ yọ, tí ojú yóò sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Fífọ̀ ló ń pe iṣẹ́ náà títí ó fi kú. Nítorí náà, àkọ́fọ̀ ni mo dúró lé, kí ẹ sì má gbàgbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí fọ̀, nítorí abọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀gá wa kan ti ní àkọ́ ń tọ́ka sí ẹyọ kan ṣoṣo bíi ti àkọ́bí, bẹ́ẹ̀ sì ni ayafọ́tò lè fọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, òjò àkọ́rọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń rọ̀?