Ọjọ́ mẹ́fà ìṣẹ̀dá: ṣé wákàtí 24 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Akẹ́kọ̀ọ́Bíbélì: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 1, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn tó dé, bẹ́ẹ̀ àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ti wà láti ọjọ́ kìíní. Kí la fẹ́ fi ka ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́? Àwọn kan ní kí n lo 2 Pétérù 3:8, pé ọjọ́ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣé ó tọ̀nà?

BàbáÒǹkàwé: Ẹ fi ìṣirò yẹn sílẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ 9: sùúrù Olúwa ni Pétérù ń sọ, torí àwọn tó ń fi ìpadàbọ̀ Rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún yí i po, ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún bí ọjọ́ kan. Ta ló ń fi irú ẹ̀ wọn nǹkan?

Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sáàárín. Lápá òsì, ẹ kọ ọjọ́ 1 ìmọ́lẹ̀, 2 òfurufú àti omi, 3 ilẹ̀ gbígbẹ àti ewéko. Lápá ọ̀tún, 4 oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, 5 ẹyẹ àti ẹja, 6 ẹranko àti ènìyàn. Ẹ ó rí i pé mẹ́ta àkọ́kọ́ pèsè àyè, mẹ́ta tó kù kún un. Ọjọ́ 3 àti 6 sì ní iṣẹ́ méjì méjì, ìyẹn iṣẹ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ mẹ́fà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni.

OlùpaSábáàtìmọ́: Ẹ̀yin bàbá, ètò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ọjọ́ má jẹ́ ọjọ́. Ẹ́kísódù 20:11 gbé òfin Sábáàtì lé e lórí: ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́fà, torí Olúwa ṣe é lọ́jọ́ mẹ́fà. Bí tiẹ̀ bá jẹ́ àìmọye ọdún, báwo la ṣe fẹ́ tẹ̀ lé e? Ní ti oòrùn, Jẹ́nẹ́sísì 1 ẹsẹ 3 sí 5 ti pààlà sáàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kó tó dé.

BàbáÒǹkàwé: Ó dáa, ọmọ mi, àṣálẹ́ ọjọ́ keje wá dà? Mẹ́fà yòókù ní in. Hébérù 4 sì ní ìsinmi yẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni àtijọ́, ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn; ó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run dá gbogbo ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé sáyẹ́ǹsì òde òní ló bí ìbéèrè yìí.

ỌmọKéwú: Ẹ jẹ́ n dá sí i. Nínú Àlùkùránì 41:9 sí 12, ọjọ́ 2 ni ti ilẹ̀, 4 ni ti òkè àti oúnjẹ, 2 ni ti sánmọ̀. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ á rí 8, bẹ́ẹ̀ 6 ni 7:54 wí. Ọ̀pọ̀ onítúmọ̀ ní 4 yẹn ti ka 2 àkọ́kọ́ mọ́ra. Lórí ìṣirò, 22:47 fi ọjọ́ kan wé 1,000 ọdún, 70:4 ní 50,000. Èwo lẹ fẹ́ fi ṣèṣirò nínú méjèèjì?