Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ìwádìí ìṣègùn Kòríà wo la lè kọ́kọ́ kà?

Dókítà Ọ̀dọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àwa dókítà ọ̀dọ́ kan máa ń péjọ ní ọjọ́ Ẹtì láti ka ìwé ìwádìí kan pa pọ̀. Iṣẹ́ wa ò jọra: ẹnì kan wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹnì kan ń wo àwòrán CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà), èmi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ìwé Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba la ń kà ṣáá. A wá fẹ́ fi oṣù kan ka ti Gúúsù Kòríà, àtèyí tó jẹ́ ìròyìn aláìsàn kan ṣoṣo àtèyí tó jẹ́ ìwádìí ńlá. Wọ́n pọ̀ débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Èwo lẹ lè júwe tí gbogbo wa á rí nǹkan mú níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, a ò lówó tí a máa fi ra ìwé.

Ìyá Ẹ̀dọ̀fóró:
Àbúrò, má bẹ̀rẹ̀ láti orí jọ́nà, ìwé tí wọ́n ń kó ìwádìí jọ sí. Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kí o tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Èyí tí mo yàn fún yín nìyí.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2011, àwọn aláboyún àti àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé Asan Medical Center ní Seoul, ẹ̀dọ̀fóró wọn ń bàjẹ́ kíákíá. Obìnrin tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Àwọn dókítà wá kòkòrò àrùn títí, wọn ò rí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dènà àrùn létí, àwọn yẹn sì fi àwọn aláìsàn yìí wé àwọn tí irú rẹ̀ ò ṣe, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń lò nínú ilé. Ohun tó jáde ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi bí ìkùukùu sínú yàrá. Afẹ́fẹ́ ilé máa ń gbẹ gan-an nígbà òtútù ní Kòríà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń lò ó. Láti 1994 ni oògùn náà ti wà lọ́jà. PHMG wà lára kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ti ń fi kẹ́míkà yìí fọ nǹkan tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa fà á símú láti alẹ́ mọ́jú. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba ní kí wọ́n yéé lò ó; ní oṣù kọkànlá, wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Àwọn aláìsàn tuntun ò sì wá mọ́.

Ibi tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn dókítà ọmọdé ti rí i ṣáájú. Ní ìgbà ìrúwé 2006, àwọn ọmọ kéékèèké wá pẹ̀lú irú ẹ̀dọ̀fóró yìí kan náà. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2008 nínú jọ́nà àwọn dókítà ọmọdé Kòríà, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ ohun tó fà á. Ó di 2011, tí ó kan àwọn ìyá, kí ìdí rẹ̀ tó hàn. Ìwádìí tó kó ọmọ 138 jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà jáde ní 2014. Ẹ ka ti 2008 àti ti 2014 tẹ̀ léra.

Òǹwo-CT:
Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tó ń wo àwòrán kún un, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn jù fún mi. Nínú CT àwọn aláìsàn yẹn, funfun ṣíṣú náà yí àwọn ọ̀nà èémí tó kéré jù ká. Nígbà tí àwọn pathologist, àwọn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, gé ẹ̀dọ̀fóró wò lábẹ́ máíkírósíkópù, ibì kan náà ni wọ́n bá ọgbẹ́. Èyí ń tọ́ka sí ohun tó bá èémí wọlé. Kí ẹni tó ń wo CT láàárín yín tẹ́ àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó tó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn.

Korean Journal of Radiology, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán rẹ̀ sì mọ́.

Ọ̀bẹ-Ò-Kánjú:
Ẹ má gbàgbé àwa oníṣẹ́ abẹ. Jẹjẹrẹ thyroid, ẹṣẹ́ iwájú ọrùn yẹn, ni kí ẹ kà. Ọdún 1999 ni ìjọba Kòríà bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ fún ará ìlú. Thyroid ò sí lára rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fi nǹkan bíi 30 sí 50 dọ́là kún owó á gba síkáànì ọrùn mọ́ ọn. Nígbà tó di 2011, àwọn tí wọ́n bá jẹjẹrẹ yìí lára wọn ti di ìlọ́po 15 iye ti 1993, wọ́n lé ní 40,000 lọ́dún kan náà. Iye àwọn tó ń tipa rẹ̀ kú ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Ahn, Kim àti Welch ló kọ ọ́ sí jọ́nà New England Journal of Medicine ní 2014. Ìwé náà kúrú, ẹ lè kà á tán lórí ìjókòó kan. Ẹ dúró níbi ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 15,000: 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹṣẹ́ tó ń tọ́jú calcium ara wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, 2 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni okùn ohùn wọn rọ. Ẹ̀san wo lèyí fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kó tó gba síkáànì? Ní 2014 náà ni àwọn dókítà Kòríà kan kóra jọ, wọ́n ní kí wọ́n yéé fi síkáànì wá ohun tí kò dun ènìyàn. Láàárín ọdún kan, iṣẹ́ abẹ thyroid dín ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ẹni tó bá ń mú ọ̀bẹ ló yẹ kó mọ ìwé yìí.

Oníṣirò Ìlera:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti ń wá kí ẹ tó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ní 2000, Kòríà da àwọn àjọ ìdójútòfò ìlera pọ̀ di ẹyọ kan, NHIS. Ó ju 50 mílíọ̀nù ènìyàn tí àkọsílẹ̀ wọn wà lójú kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìwé Kòríà tó ní mílíọ̀nù aláìsàn nínú. Àmọ́ nítorí kí ilé ìwòsàn lè gba owó rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ àkọsílẹ̀ yẹn. Orúkọ àìsàn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ kí wọ́n lè rí owó àyẹ̀wò gbà, kó má sì jẹ́ ohun tí aláìsàn ní. Nígbàkígbà tí ẹ bá ka irú rẹ̀, ẹ bèèrè pé: kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹni yìí ní àìsàn náà? Orúkọ lásán ni, àbí orúkọ pẹ̀lú oògùn tó gbà? Bí ìwé bá dákẹ́ lórí ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ará Láàbù:
Èmi fẹ́ràn ìtàn fáírọ́ọ̀sì Hantaan. Nígbà ogun Kòríà, láàárín 1951 sí 1953, ó lé ní 3,000 ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ibà kan mú: ara gbóná, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀. Ó di 1976 kí Lee Ho-wang àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró eku oko kan, Apodemus agrarius. Omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti bọ́ nínú àìsàn náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ odò Hantan ni wọ́n fún un, àwọn fáírọ́ọ̀sì ẹbí rẹ̀ káàkiri ayé sì ń jẹ́ hantavirus títí dòní.

Bí ìròyìn aláìsàn lẹ fẹ́, ẹ wá ti scrub typhus, àìsàn ibà kan. Ìgbà ìkórè ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò inú koríko ló ń fi í ránni. Egbò dúdú kékeré ni àmì rẹ̀, ó sì lè fara pa mọ́ sábẹ́ abíyá tàbí ìtàn. Dókítà tó bá tú aṣọ aláìsàn wò á rí i kí èsì láàbù tó dé, oògùn doxycycline á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì:
MERS ọdún 2015 ní Kòríà ńkọ́, àrùn èémí tó ń ràn yẹn? Ọkùnrin kan tó ti Àárín Ìlà-Oòrùn dé ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Nígbà tó fi parí, ènìyàn 186 ló kó o, 38 kú. Ìwé kan wà nínú jọ́nà Lancet tó tọpa aláìsàn kan ṣoṣo ní yàrá pàjáwìrì ní Seoul: ẹni 82 ló kó o lára rẹ̀. Aláìsàn jẹ́ 33, òṣìṣẹ́ jẹ́ 8, àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá tàbí tó wá kí wọn jẹ́ 41. Ẹ wo 41 yẹn dáadáa. Mọ̀lẹ́bí ló máa ń dúró ti aláìsàn ní Kòríà, bí a ṣe ń ṣe nílé níbí. Bí ẹ bá máa ka ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe nọ́ọ̀sì wá jókòó pẹ̀lú yín.

Dókítà Ọ̀dọ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ti ẹ̀rọ ìkùukùu la máa fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì pe nọ́ọ̀sì fún ti MERS. Ṣé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀? Ibo la ti máa wá a?

Alákòóso Láíbìrì:
KoreaMed ni kí ẹ ṣí, ibi tí wọ́n kó ìwé àwọn jọ́nà ìṣègùn Kòríà jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn Kòríà ló ni ín. Àwọn kan á jẹ́ èdè Korean, ṣùgbọ́n ẹ máa ń rí àkópọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Journal of Korean Medical Science (láti 1986) àti Yonsei Medical Journal (láti 1960) jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìròyìn aláìsàn tí wọ́n kọ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ wúruwùru, ìlànà CARE ti 2013 ni kí ẹ fi wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá níbẹ̀ ni bóyá aláìsàn fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀dọ̀fóró:
Ohun kan péré, àbúrò. Bí ẹ bá jókòó ní ọjọ́ Ẹtì, má sọ ohun tó fà á fún àwọn tó kù. Fún wọn ní ti 2008 nìkan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè tí yóò bi ìyá ọmọ náà sílẹ̀. Kí ẹ wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tó wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn.