Ṣé ẹ̀bùn ni owó tí a óò jíhìn rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín láti Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú wa fún àwọn ìwé iṣẹ́ iná tí orílẹ̀-èdè méjì ń jọ ṣe: "agbára àsọdọ̀tun" fún ohun tí àwọn Faransé ń pè ní énergie renouvelable (agbára tí kì í tán, bíi ti oòrùn), "iṣẹ́ ẹnubodè" fún projet transfrontalier (iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè tó bá ara wọn pààlà jọ ń ṣe), àti "ẹ̀bùn" fún subvention (owó tí kì í ṣe ẹ̀yáwó, tí àjọ kan fún ni fún iṣẹ́ kan pàtó). N kò ní bá wọn jà lórí ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò retí kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ dọ̀tun kí ó tó yọ.

Ẹnubodè ni ibi tí a ti ń dá èrò dúró. Àwa ọmọ Kétu mọ èyí dáadáa, nítorí Àkàbà Ìdènà, bodè àwọn baba wa, wà níbẹ̀ títí dòní, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Iná kì í gba ẹnubodè. Wáyà ńlá 330 kílófóòtì tó ti Ìkẹjà wọ Sakẹ́tẹ́ ní Benin láti ọdún 2007 kò bá ọkọ̀ tò ní ẹnubodè Ìgólò kí aṣọ́bodè tó tú ẹrù rẹ̀. Ìdídò Nangbéto náà ńkọ́? Ilẹ̀ Tógò ló wà, lórí odò Mono, mẹ́gáwáàtì 65 ni agbára rẹ̀, láti ọdún 1987 ni Tógò àti Benin sì ti jọ ń pín iná rẹ̀ lábẹ́ CEB, iléeṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n bá ara wọn pààlà, bí olóko méjì tí ọ̀kan kò lè ro etí oko rẹ̀ kí èkejì má mọ̀. "Iṣẹ́ àjọṣe alájọpààlà" ni n óò pè é.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló dùn mí jù. Ní Illoulofin, ní agbègbè Pọ́bẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ní ọdún 2022, owó tí Benin yá lọ́wọ́ AFD, àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé, wà nínú rẹ̀, subvention Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà sì wà níbẹ̀. Bí a bá pe ọ̀kan ní ẹ̀yáwó, tí a pe èkejì ní ẹ̀bùn, ohun tí etí Yorùbá yóò gbọ́ ni pé èkejì ti di tiwa, kí a ná an bó ṣe wù wá. Mo wà nínú ìpàdé kan tí ògbufọ̀ ti lo "ẹ̀bùn" fún owó ẹ̀rọ omi tó ń lo oòrùn. Bí akápò ṣe ń kó rìsíìtì jáde nínú àpò ọ̀rá, tó ń tẹ́ wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà kan bi í pé: "Ọmọ mi, ta ló ń ka owó ẹ̀bùn fún ẹni tó ta á lọ́rẹ?" Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀.

Síbẹ̀, ìyá náà mọ irú owó yẹn láti kékeré. Bí wọ́n bá fi owó rán ọmọ lọ sí ọjà pé kó ra iyọ̀, kì í fi ra àkàrà. Bó bá dé, yóò sọ iye tó rà á, yóò sì kó ṣéńjì sílẹ̀. Nítorí náà, mo dábàá "owó àfiránni". Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n pè é ní "owó àfiránṣẹ́", ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé owó tí ọmọ ẹni fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni. Ní ti cofinancement, owó tí àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan jọ ń mú wá, "ìdáwó" ti tó; gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dáwó.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, báyìí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kà: "Owó àfiránni àti ìdáwó àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ni a óò fi ṣe iṣẹ́ àjọṣe alájọpààlà yìí, èyí tó bá sì ṣẹ́kù nínú owó àfiránni yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi rán wa."