Ajá ilé tí mo fẹ́ kọ́ láti máa bẹ àwọn arúgbó àti aláìsàn wò: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àkànbí Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Ajá ìbílẹ̀ kan wà nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Abo ni, ó ti pé oṣù 14. Ó fẹ́ràn èèyàn gan-an, kì í gbó mọ́ àlejò, kódà àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn án níbi tó bá ti ń jẹun, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo fẹ́ máa mú un lọ bá àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú. Tó bá yá, a ó máa dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Wàhálà mẹ́ta ló kù: tínú rẹ̀ bá dùn, ó máa ń fò mọ́ èèyàn, tó bá gbọ́ tí ọ̀pá ń ró kọ́ kọ́ kọ́ nílẹ̀, á sá sẹ́yìn, ó sì máa ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀. Ṣé ajá ìbílẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àbí àfi ajá òyìnbó?

Olùkọ́ Ajá, Mọ̀rẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè, Bọ̀dá Àkànbí. Ìwà ajá la ń wò, a kì í wo ìran. Ajá ìbílẹ̀ tó fẹ́ràn èèyàn á ṣe é dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ajá yín ń wá èèyàn lọ fúnra rẹ̀, tàbí ńṣe ló kàn ń fara da wọ́n. Ẹ ní kí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí jókòó sórí àga, kó má pè é, kó má sì nawọ́ sí i. Ẹ dẹ okùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tó bá lọ bá onítọ̀hún, tí ara rẹ̀ rọ̀, kí ẹni náà fọwọ́ pa á láyà fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kó wá dáwọ́ dúró. Ajá tó bá fẹ́ sí i á tún sún mọ́ ọn. Èyí tó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ahọ́n lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ, tó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tàbí tó gbọn ara pátápátá bí ìgbà tómi dà sí i lára, ó ń sọ fún yín pé ó tó. Ẹ kọ́ àwọn àmì yìí kẹ́ ẹ tó kọ́ ajá ní nǹkan kan, nítorí ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa fọwọ́ kàn án mọ́ tó bá ń jẹun. Ajá tó dákẹ́ lè má gbà. Ó lè jẹ́ pé ó ń mú un mọ́ra ni, ọjọ́ tí kò bá lè mú un mọ́ra mọ́ ló máa bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Fífò mọ́ èèyàn: ohun tó fà á ni pé tó bá ti fò, wọ́n á wò ó, wọ́n á sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n á fọwọ́ tì í. Gbogbo ìyẹn, eré ni lójú tirẹ̀. Ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ òpó, kí àlejò máa bọ̀ láti ibi tó jìnnà tó mítà 3. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀, kí àlejò máa bọ̀. Tó bá fò, kí àlejò kọ ẹ̀yìn sí i, kó padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 2, kó má sọ nǹkan kan. Lẹ́sẹ̀ kan náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá padà wálẹ̀, ẹ sọ pé "Káre!" kẹ́ ẹ sì fún un lẹ́ran. Nísàlẹ̀, níwájú àyà rẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti fún un. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fà á sókè. Ẹran adìẹ bíbọ̀ tí kò ní àlùbọ́sà tàbí iyọ̀ dára, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ohun tó máa ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ni èèyàn kan ṣoṣo nínú ilé tó ń gbà á mọ́ra tó bá fò. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba lẹ́nu gbogbo yín pẹ̀lú: tí ìyá bá ń sọ "Wá", tí ọmọ ń sọ "Come", tí bàbá ń sọ "Óyà", kò sí èyí tí ajá máa mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ ọ láti gbé àgbọ̀n lé nǹkan. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù fún aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó bá gbé e lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 1, "Káre!" Ẹ mú un lọ sí 3, sí 10. Ẹ wá gbé e láti ọwọ́ yín lọ sórí itan yín, láti itan lọ sí etí àga, láti àga lọ sí etí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ sí. Ajá tó mọ èyí kò ní gbé èékánná lé arúgbó tí awọ ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, aláìsàn náà á sì rí orí tó máa fọwọ́ pa láìjẹ́ pé ó dìde.

Ti ọ̀pá, ẹ má fà á lọ síbẹ̀ kó lè rí i pé kò sí ewu. Ńṣe lẹ máa dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ ní yàrá, ẹ fọ́n ẹran yí i ká, kó fúnra rẹ̀ lọ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kí ẹnì kan gbé ọ̀pá rìn láìró ní mítà 5 sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kàn án mọ́ ẹní lẹ́ẹ̀kan, kó tó wá kan sìmẹ́ńtì. Kí ìró ọ̀pá ṣáájú, kí ẹran tẹ̀ lé e. Tí ẹran bá ṣáájú ìró, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹran fúnra rẹ̀. Tí kò bá gba ẹran mọ́, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ padà sẹ́yìn ní mítà 2. Ọ̀nà yìí náà lẹ máa gbà fún kẹ̀kẹ́ arọ, abọ́ irin tó já bọ́ nílẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀.

Ṣíṣa nǹkan jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí oògùn máa ń já bọ́ nílẹ̀ níbi tí aláìsàn wà, parasitámọ́ọ̀lù àti ibuprofen sì lè ṣe ajá léṣe gan-an. Ẹ di ẹran mọ́wọ́, ẹ sọ pé "Fi sílẹ̀". Á lá ọwọ́, á fi ẹsẹ̀ họ ọ́. Ẹ dákẹ́. Tó bá yọ imú kúrò, "Káre!", ẹ fún un ní ẹran mìíràn láti ọwọ́ kejì. Ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní èyí tẹ́ ẹ ní kó fi sílẹ̀ láé. Ẹ tẹ̀ síwájú sí ọwọ́ lílà, sí abẹ́ bàtà, sí orí ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá máa jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun

Gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n tó ń fún ọrùn sí i, bó bá fò, ẹ fà á dáadáa. Kò ní pẹ́ jáwọ́.

Olùkọ́ Ajá, Mọ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó wà níwájú ajá nígbà tí ọrùn ń dùn ún ni ajá máa rò pé ó fa ìrora náà. Fún ajá tó ń ṣọ́lé pàápàá kò dáa. Fún ajá tá a fẹ́ mú lọ bá arúgbó, ó burú jáì. Bákan náà, ẹ má nà án tó bá kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tó ní. Ajá tí wọ́n ti nà títí tí kò fi kùn mọ́, eyín ló máa fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá kàn án.

Dókítà Ẹran, Iléṣà

Ẹ̀kọ́ dáa, àmọ́ káàdì abẹ́rẹ́ ló ṣáájú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 3, ẹ tún un gbà lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì máa mú káàdì náà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ti parvo àti distemper, àrùn méjì tó máa ń pa ajá, náà gbọ́dọ̀ pé. Oògùn aràn ní gbogbo oṣù 3. Lójoojúmọ́, ẹ yẹ inú etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù wò fún eégbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn kòkòrò oko wẹ ajá nítorí eégbọn. Ó ń pa wọ́n. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ajá, kẹ́ ẹ sì wọn ajá kẹ́ ẹ lè mọ ìwọ̀n tó tọ́.

Láàárín wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ṣáńpù ajá, ẹ ṣan án nù dáadáa, torí ọṣẹ tó bá kù lára á mú kó máa yún ún. Ẹ gé èékánná, kẹ́ ẹ fi fáìlì rá ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ má fún un ní ẹran tútù rárá. Ajá lè máa gbé kòkòrò Salmonella kiri láìjẹ́ pé àìsàn ṣe é, aláìsàn ló sì máa gbà á. Tó bá ní ìgbẹ́ gbuuru, egbò, làpálàpá, tàbí tó ń ṣe nǹkan oṣù (abo máa ń ṣe é tó ọ̀sẹ̀ 3), ilé ni kó wà.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ yín mọ́ ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Tẹ́ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò ní lè fara dà á.

Tó bá ha èèyàn tàbí tó bù ú jẹ, bó ti wù kó kéré mọ, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10.

Nọ́ọ̀sì Ìlódè

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń ṣe àkóso ibẹ̀, ẹ so ẹ̀dà káàdì abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ rí ajá. Ẹni tó ní egbò tó ṣí sílẹ̀, ẹni tí irun ẹranko ń ta lára àti ẹni tí agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn ti rẹlẹ̀ gan-an nítorí oògùn jẹjẹrẹ kò sí lára wọn. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun, nítorí náà ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá, kí ajá má sì tẹ ẹní ìkírun. Tí bàbá kan bá ní "Rárá", ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ má sọ pé "Kì í ṣe nǹkan kan, bàbá". Ilé wọn nibẹ̀.

Okùn kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 1.8 lọ, kó má sì kúrò lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe kẹ́ ẹ fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ tí kò sí okùn omi lára aláìsàn ni kẹ́ ẹ gbà sún mọ́ ọn. Kí aláìsàn àti ẹ̀yin fi oògùn apakòkòrò pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ti tó fún ìbẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ má kọjá wákàtí 1 láé. Fún àwọn ọmọdé, 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn tàbí láyà, kí wọ́n má dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn àgbà wa mọ ajá mọ́ oko àti iṣẹ́ ọdẹ. Tí ìyá kan bá dákẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ajá tó wà nílé bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu wọn á ju èyí tí a lè fi "Ẹ kú àárọ̀ mà" rí gbà lọ.

Ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀ níbí, ẹ má gbé e gba Ẹ̀nuwá tàbí Òkè Mògún. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, ìbọn ń dún, ajá tó bá já okùn lọ́jọ́ náà kò rọrùn láti rí.

Àkànbí Lágere

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó mú lọ?

Olùkọ́ Ajá, Mọ̀rẹ̀

Ẹ fi ìdánwò Canine Good Citizen tí American Kennel Club dá sílẹ̀ lọ́dún 1989 ṣe òṣùwọ̀n. Ohun 10 ló wà nínú rẹ̀: lára wọn ni kí àlejò kí yín láìjẹ́ pé ajá fò mọ́ ọn, kó jẹ́ kí àlejò yẹ etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kó rìn láàárín èrò pẹ̀lú okùn tó dẹ̀, kó kọjá lára ajá mìíràn, kó sì dúró ti ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú 3 láìké nígbà tẹ́ ẹ bá fara pamọ́. Ìdánwò yẹn nìkan kò sọ ọ́ di ajá ìbẹ̀wò o. Ẹ fi ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ arọ àti ọwọ́ tí kò mọ bí a ṣe ń pa ajá kún un, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìta ilé yín, ọgbà Yunifásítì nígbà tí èrò kò pọ̀, àti ẹ̀gbẹ́ ọjà Sábó. Ajá tó mọ nǹkan ní pálọ̀ lè gbàgbé ẹ̀ lójú títì.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú náà nígbà tí kò sí aláìsàn ní gbọ̀ngàn, kó gbóòórùn Izal àti Dettol, kó rìn lórí táìlì tó ń yọ̀, kẹ́ ẹ sì padà sílé. Tó bá wọlé pẹ̀lú ìrù tó rọ̀, tó sì gba ẹran lọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú 2, ẹ lè bá matron dá ọjọ́. Tí kò bá gba ẹran, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tún gbìyànjú, ẹnu ọ̀nà nìkan ni kẹ́ ẹ dé.