Oògùn psoriasis gbé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mi sókè, ṣé kí n jáwọ́ ni?

Àkànní:
Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún 9 rèé tí psoriasis, àrùn awọ, ti ń bá mi fínra. Bí mo bá jí láàárọ̀, èépá funfun á ti kún orí ibùsùn bí ẹni gbọn ìyẹ̀fun dànù. Oṣù 4 sẹ́yìn ni dókítà kọ acitretin fún mi. Ara mi ti ń dán, mi ò ní parọ́. Àmọ́ triglycerides mi (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn) tó jẹ́ 140 kí n tó bẹ̀rẹ̀ ti di 310! Wọ́n sì ní psoriasis fúnra rẹ̀ lè fa àìsàn ọkàn. Àbí ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe ara mi?

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, má dá a dúró fúnra rẹ o. Ciclosporin ni wọ́n kọ́kọ́ fún èmi. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi fi ru dé 160/100. Methotrexate ni mo ń lò báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ (ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú o), ẹ̀dọ̀ mi sì ni wọ́n ń ṣọ́.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́:
Acitretin máa ń gbé ọ̀rá sókè lóòótọ́, ìdí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nìyẹn. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ọkàn, iná tó ń jó awọ yín ń ràn nínú ẹ̀jẹ̀ náà, òun ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP ń fi hàn. Àmọ́ kí CRP wálẹ̀ kò ní kí ọkàn ti bọ́. Adalimumab, abẹ́rẹ́ psoriasis kan, ń fà á wálẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ya àwòrán iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde, kò sàn ju ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú lọ. Methotrexate ńkọ́? Ìwádìí CIRT, tó jáde ní 2018, fi í wo 4,786 èèyàn tí ọkàn wọn ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀. Kò dín ìkọlù ọkàn kù. Ìfúnpá, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti ọ̀rá, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé awọ dán.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti jẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yẹn?

Àkànní:
Háà! Mo jẹun yó kánrin ni. Kò sẹ́ni tó bi mí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́:
Oúnjẹ máa ń gbé triglycerides sókè. Ẹ fi inú òfìfo tún un ṣe, wákàtí 12, omi nìkan.

Àkànní:
Ó di ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mo ti pe dókítà pẹ̀lú, ó ní kí n ṣì máa lò ó títí èsì yóò fi dé.