Ohun tí mo rí lórí ìlà owó n'Íbàdàn ní àkókò ìdìbò 2023

Àwọn tó wà ní Nàìjíríà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò tíì gbàgbé bí ojú wa ṣe rí màbo lórí ọ̀rọ̀ náírà tuntun. Oṣù Ọ̀wàrà 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ní owó àtijọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 31 oṣù Ṣẹ̀rẹ́ 2023, kí wọ́n tó sún un sí 10 oṣù Èrèlé. Ìdìbò ààrẹ sì rèé, 25 oṣù Èrèlé kan náà ni.

Ìbàdàn ni mo ń gbé nígbà náà. Nítorí pé owó tuntun náà ṣọ̀wọ́n, ìdájí la ti ń lọ tò síwájú ẹ̀rọ ATM, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ni yóò ya abala kan nínú ìwé ọmọ rẹ̀, tí yóò máa kọ orúkọ àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn sí i. Bó bá wá kan ẹnì kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ariwo tí yóò fi rìn lọ sídìí ẹ̀rọ náà ni "Èmi ló kàn!" Láti ìgbà tí Aṣíwájú Tinubu, tó ń du ipò ààrẹ, ti sọ ọ́ l'Ábẹ́òkúta ní oṣù Òkúdù 2022 ni àwọn aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ́ di ẹ̀rín, tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́ pàápàá kò lè ṣe kí wọ́n má sọ ọ́. Bàbá kan wò wá títí, ó ní, "Ẹ máa wí i lọ, ẹ̀rọ yìí ò ní fún yín ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ." Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà la sì gbà.

Ìyà kan náà ló ń jẹ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kálukú ló ní bó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ APC, ẹgbẹ́ Aṣíwájú, sọ pé ńṣe ni àwọn kan fẹ́ fi ọ̀wọ́n owó ba ìbò rẹ̀ jẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 25 oṣù Ṣẹ̀rẹ́. Àwọn tó kù ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń fowó ra ìbò má baà rówó nà. Aládùúgbò méjì tí wọ́n ti bú ara wọn lórí WhatsApp wà nínú ìlà yẹn. Ọ̀kan bá èkejì di àyè rẹ̀ mú nígbà tó lọ kírun Àsùbá, bó sì ṣe padà dé ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ti rò pé ebi yóò yí èrò ẹlòmíràn padà. N kò rí ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́jà Bódìjà ni ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí tòmátì kò mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn ń gba ẹgbẹ̀rún méjì lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìyá alátà tí mo jẹ́ oníbàárà rẹ̀ kọ nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ rẹ̀ obìnrin sára páálí, ó so ó mọ́ apẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti fi owó ránṣẹ́, yóò pe ọmọ náà: "Ṣé ó ti wọlé?" Ata ti wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá ti wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìyá kò jọ̀wọ́ ẹnu ọ̀rá náà, àwa méjèèjì la jọ dì í mú títí ọmọ fi dáhùn.

Ní 3 oṣù Ẹrẹ́nà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di 31 oṣù Ọ̀pẹ. Mo na ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtijọ́ sí ọlọ́kadà, ó kọ̀ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹjọ́ kọ́ ló ń ta epo fún mi." Àfìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní 13 oṣù náà ni ọ̀rọ̀ tó rọ̀. Nígbà tí a dìbò gómìnà ní 18, owó àtijọ́ yìí kan náà ni mo rí tí wọ́n ń pín ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ibùdó ìdìbò wa. Mo bi aládùúgbò mi tó ní náírà tuntun yóò fòpin sí rírà ìbò pé kí ló wá rí sí i. Ó ní ká ní ilé ẹjọ́ kò dá sí i ni, kì bá ti rí bẹ́ẹ̀.