Àwọn tó wá kọ́ wa ní ìmọ́tótó ládùúgbò: kí lojú yín rí?

Ìyá Bọ́lá, Mararaba: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà lókè ọya. Àwọn kan wá sí yáàdì wa, wọ́n ní ká máa fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ká sì fọ̀ ọ́ ká tó fún ọmọ lóúnjẹ. Ó dáa. Wọ́n kó páálí ọṣẹ àti ike ńlá tó lẹ́nu ẹ̀rọ wá. Ta ni wọ́n kó o fún? Lánlọ́ọ̀dù! Ike ọ̀hún ni ìyàwó rẹ̀ fi ń ta kunu báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín?

Télọ̀ Mpape: Kunu kẹ̀! 😂😂

Ọmọ Ọ̀fà: Tiyín ṣì dáa. Mo ń bá wọn kọ́lé ní abúlé kan lẹ́bàá Gwagwalada, àtìpó ló pọ̀ níbẹ̀: Tiv, Hausa, àwa Yorùbá díẹ̀, àtàwọn tó sá ogun Borno wá. Wọ́n kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn igbó tá a ti ń yàgbẹ́. Ọ̀gá wọn fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó fi kan ìgbẹ́, ó tì í bọ omi inú ife, ó ní ta ló máa mu ún. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní irun kan ṣoṣo nìyí o, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ẹṣinṣin ní. Wọ́n wá fi ẹfun ya ilé kálukú sórí ilẹ̀, wọ́n ní ká da eérú síbi tí a ti ń ṣe é. Ìyá kan da tirẹ̀ sítòsí kànga. Àwọn ọkùnrin bo ìyá náà! Bẹ́ẹ̀ ilé tó ń gbé ò ní ṣáláńgá, lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an ló sì ń pariwo jù.

Ìyá Bọ́lá, Mararaba: Yéè. Ojú ò tiẹ̀ tì í.

Àlàájì Kubwa: Irọ́. Ta ló máa fi irun kan ìgbẹ́ níwájú àgbà?

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Òótọ́ ni, Àlàájì. CLTS (Community-Led Total Sanitation) ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kí ará àdúgbò fúnra wọn fòpin sí ìyàgbẹ́ síta. Kamal Kar ará India ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bangladesh ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìtìjú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọn kì í fúnni lówó kọ́ ṣáláńgá. Ẹni tí ò nílẹ̀ wá ni ojú ń tì jù, torí ayálégbé ò lè gbẹ́ ihò sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Télọ̀ Mpape: Ilẹ̀ wo? Ní 2012 ìjọba Abuja ní àwọn ń bọ̀ wá wó Mpape. Kóòtù dá wa láre ní 2017, síbẹ̀ lánlọ́ọ̀dù mi ní òun ò ní náwó sí ṣáláńgá tí katapílà máa hú.

Àlàájì Kubwa: Àwáwí. Láyé wolé-wolé, ta ló ń bi yín bóyá ayálégbé ni yín? Wọ́n á yọjú sínú àmù, bí wọ́n bá rí tanwíjí, ó di kóòtù. Ìlú sì mọ́!

Ọmọ Ọ̀fà: Wolé-wolé tó ń gba adìẹ lọ́wọ́ màmá mi ńkọ́?

Àlàájì Kubwa: Adìẹ sàn ju onígbáméjì lọ.

Ọmọ Ọ̀fà: Ta ló gba adìẹ lọ́wọ́ olówó rí, sà? Àṣẹ tí Buhari fọwọ́ sí ní 2019, pé ìyàgbẹ́ síta á dópin ní 2025, ṣé ayálégbé ló dá a dúró?

Ìyá Bọ́lá, Mararaba: Ẹ bá mi sọ ti omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mai ruwa tó ń ta omi ò ṣeé bá nájà. Omi tí mo fi fọṣọ ni mò ń dà sí ṣáláńgá.

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Fún ọwọ́ fífọ̀, ẹ dá ihò kékeré sára ìgò omi, ẹ so ó kọ́. Díẹ̀ ló ń ṣàn. Bí ò bá sọ́ṣẹ, eérú ń ṣe é.

Mọ́remí: Gáàsì ni mo fi ń dáná o 😂

Télọ̀ Mpape: Ẹ lọ tọrọ eérú lọ́dọ̀ oníkunu.

Ìyá Bọ́lá, Mararaba: Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ bá mai anguwa, olórí àdúgbò wa, lórí ike yẹn, ó ní kí n rán ọkùnrin wá. Bàbá Bọ́lá wà ní Ìlọrin.

Àlàájì Kubwa: Ẹ fi nọ́ńbà mai anguwa yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ Hausa dáadáa.

Ọmọ Ọ̀fà: Ìyá Bọ́lá, ẹ tọ́jú adìẹ o.